Ṣé O Mọ̀? Yíya Ẹ̀ka Rọrùn, Dída Wọn Pọ̀ Ni Iṣẹ́

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ka kan nínú Git, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, kò ju báìtì 41 lọ? Fáìlì kékeré kan ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tó gùn ní lẹ́tà 40, àti àmì tó fi hàn pé ìlà ti parí. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ì báà jẹ́ fáìlì 70,000 ló wà nínú iṣẹ́ náà, Git kò ní ṣe ẹ̀dà ẹyọ kan nínú wọn nígbà tí o bá ya ẹ̀ka tuntun. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí.

Ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí lè béèrè pé ẹ̀ka kí ni. Àwọn tó ń kọ kóòdù kì í fẹ́ kí iṣẹ́ tí kò tíì jinná kó bá èyí tí àwọn èèyàn ń lò lọ́wọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ lára iṣẹ́ gangan. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n á ti dán an wò, bó bá sì dára, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yẹn ni ẹ̀ka. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi iṣẹ́ pamọ́ sínú Git, kọ́mìtì ni wọ́n ṣe, kọ́mìtì kọ̀ọ̀kan sì mọ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Èyí tó ṣáájú yẹn ni òbí rẹ̀; kọ́mìtì tó da ẹ̀ka pọ̀ á ní òbí tó ju ọ̀kan lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kọ́mìtì kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó yí padà? Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó ti ń lo Git láti ọjọ́ pípẹ́, rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí gbogbo iṣẹ́ náà ṣe rí ní àkókò yẹn ni Git ń tọ́jú, látòkè délẹ̀. Fáìlì tí kò bá yí padà, kò ní tún un tọ́jú, á kàn tọ́ka sí èyí tó ti wà nílẹ̀. Ìgbà tí o bá ní kó fi ìyàtọ̀ hàn ọ́ ló tó ń ṣírò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè tún fáìlì ṣe lẹ́ẹ̀kan? Marc Rochkind kọ SCCS, sọ́fítíwíà irú Git láyé àtijọ́, ní Bell Labs ní 1972. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Walter Tichy gbé RCS jáde ní Yunifásítì Purdue. Nínú RCS, ẹni tó bá fẹ́ tún fáìlì ṣe á tì í pa fún ara rẹ̀, ẹni kejì á sì dúró. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá gbàgbé láti ṣí i kó tó lọ sílé, ẹni kejì á jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, àfi bó bá fipá já àgádágodo náà.

Ohun tó sún Dick Grune débi CVS nìyẹn. Olùkọ́ ni ní Vrije Universiteit ní Amsterdam. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì ń jọ kọ kọ́ńpáílà èdè C, àmọ́ àkókò tí oníkálukú ń ráyè kò bára mu rárá. Ó wá kọ àwọn ètò kéékèèké tó gun orí RCS, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà tirẹ̀ láìdúró de ẹnikẹ́ni, kí wọ́n wá da iṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn. Ní 1986 ló fi wọ́n sí gbangba. Èèyàn mẹ́ta tí wọn kì í bára wọn pàdé ní ọ́fíìsì ló mú un wá.

Ṣé o mọ̀ pé Subversion, tó gbapò lọ́wọ́ CVS, kì í rántí ohun tí o ti dà pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2004, ẹ̀ka sì rọrùn láti yà nínú rẹ̀, kò gba àyè, kò gba àkókò. Wàhálà wà nígbà tí ẹ̀ka bá fẹ́ padà wálé. Bí o bá da apá kan iṣẹ́ náà pọ̀ lónìí, tí o sì fẹ́ da ìyókù pọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ fún un ibi tí o dé: láti nọ́ńbà báyìí sí nọ́ńbà báyìí. Àwọn èèyàn a máa kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé tàbí sínú ọ̀rọ̀ tó bá kọ́mìtì lọ. Ẹni tó bá ṣì í kọ á da ohun kan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kó fo ohun tó yẹ kó mú. Oṣù kẹfà 2008 ni ẹ̀dà 1.5 tó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí fúnra rẹ̀. Mo gbà pé ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi bẹ̀rù ẹ̀ka láyé ìgbà yẹn. Ẹ̀ka gan-an kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sá fún.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ 15 péré ló wà láàárín ìgbà tí Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Git àti ìgbà tí Git kọ́kọ́ da ọ̀pọ̀ ẹ̀ka pọ̀? Láti 2002 ni àwọn tó ń kọ kernel Linux ti ń lo BitKeeper, sọ́fítíwíà tí ilé iṣẹ́ Larry McVoy yọ̀ǹda fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Andrew Tridgell wá gbìyànjú láti mọ ọ̀nà tí BitKeeper fi ń bá sáfà rẹ̀ sọ̀rọ̀, ni ilé iṣẹ́ náà bá fòpin sí ọ̀fẹ́ ní 2005. Torvalds bẹ̀rẹ̀ Git ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún yẹn. Nígbà tó di ọjọ́ 7, Git ti ń tọ́jú kóòdù ara rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 18, ó ti ń da ọ̀pọ̀ ẹ̀ka pọ̀. Ní oṣù kẹfà, Linux 2.6.12 jáde láti inú rẹ̀, oṣù kan lẹ́yìn náà ni Torvalds sì gbé ìtọ́jú Git lé Junio Hamano lọ́wọ́.

Nígbà tí Torvalds lọ bá àwọn ẹnjiníà Google sọ̀rọ̀ ní 2007, ọ̀kan lára ohun tó tẹnu mọ́ ni pé kí ẹ̀ka rọrùn láti yà kò já mọ́ nǹkan kan bí dídà á pọ̀ bá nira. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀ka tí kò ní padà wálé, iṣẹ́ tó sọnù ni.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ kò lè da ẹ̀ka méjì pọ̀ láìwo ẹ̀kẹta? Ibí yìí ni ọgbọ́n wà, jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Ká sọ pé ìlà kan nínú kóòdù yín ló ń sọ iye owó ìforúkọsílẹ̀. Nínú ẹ̀ka Ṣadé, 500 náírà ló wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀ka Kúnlé, 700 ni. Bí ẹ̀rọ bá wo àwọn méjèèjì nìkan, kò sí bó ṣe máa mọ èyí tó yẹ kó mú. Ó lè jẹ́ Kúnlé ló fowó lé e. Ó sì lè jẹ́ pé 700 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí Ṣadé sì dín in kù.

Git á wá padà sẹ́yìn lọ wá kọ́mìtì tí àwọn méjèèjì ti jọ ya, ìyẹn orírun wọn, á sì béèrè iye tó wà níbẹ̀. Bí orírun bá sọ 500, a jẹ́ pé Kúnlé nìkan ló fọwọ́ kan ìlà náà, 700 ni Git máa mú. Bí orírun bá sọ 700, Ṣadé ló yí i padà, 500 ni. Bí orírun bá sọ 400, àwọn méjèèjì ló yí i padà, ọ̀nà wọn kò sì pa pọ̀. Git á dáwọ́ dúró níbẹ̀, á ní kí èèyàn wá parí ọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá sọ 400 di 700 ńkọ́? Kò sí ìjà, 700 ni.

Ọgbọ́n yìí ti wà nínú ètò diff3 tó bá Unix ẹ̀dà keje jáde ní 1979, ó sì ti dé ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fura. Bí ìwọ àti ẹlòmíràn bá ń tún àpilẹ̀kọ kan náà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà lórí Wikipedia èdè Yorùbá, sọ́fítíwíà tó wà nídìí Wikipedia á gbìyànjú láti fi diff3 da iṣẹ́ yín pọ̀ kó tó sọ fún ẹni tó kẹ́yìn pé ìforígbárí wà.

Ṣé o mọ̀ pé méje méje ni àwọn àmì tí Git fi ń pààlà ibi ìforígbárí? <<<<<<< ló bẹ̀rẹ̀ tìrẹ, ======= ló pín in ní àárín, >>>>>>> ló parí ti ẹnì kejì. Bí o bá fẹ́ rí ohun tí orírun sọ pẹ̀lú, yí merge.conflictStyle sí diff3 nínú ètò Git rẹ, á sì fi ìpín kẹta hàn ọ́ ní àárín. Ṣe é lónìí. Ẹni tó ń parí ìjà láìmọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kó tó di ìjà, àmì ló ń tẹ̀ lé lásán.

Ìlà méjì tó fara kanra náà lè dá ìforígbárí sílẹ̀. Ṣadé tún ìlà 10 ṣe, Kúnlé tún ìlà 11 ṣe, kò sí ìlà tí wọn kò fọwọ́ kàn láàárín, Git á pè wọ́n síta.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń kọ Yorùbá ju bí a ti rò lọ? Ìlà ni Git ń wò, kì í wo gbólóhùn. Bí ìpínrọ̀ kan bá jẹ́ ìlà gígùn kan ṣoṣo, tí o tún àmì ohùn kan ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì tún òmíràn ṣe ní ìparí rẹ̀, ìforígbárí ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ 80 ló wà láàárín yín. Ẹgbẹ́ tó bá ń túmọ̀ áàpù tàbí tó ń kọ ìtọ́nisọ́nà ní Yorùbá, ẹ jẹ́ kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan dá ìlà tirẹ̀ ní. Ìdá ńlá nínú wàhálà á lọ.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ú lọ tún wà. Lẹ́tà ẹ́ tó wà níwájú rẹ yìí lè jẹ́ ẹ tí a fi àmì òkè lé lórí. Ó lè jẹ́ é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí lábẹ́. Ó sì lè jẹ́ e lásán tí a fi àmì méjèèjì kún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú èèyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Unicode pàápàá gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Báìtì ni Git ń wò ní tirẹ̀, báìtì wọn kò sì bára mu. Bí pátákó ìtẹ̀wé Ṣadé bá ń kọ ọ́ lọ́nà kan, tí ti Kúnlé ń kọ ọ́ lọ́nà mìíràn, fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀ lè dé pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ìlà tí Git kà sí tuntun. Ó sì máa ń tán èèyàn ní sùúrù, nítorí o máa wo ìlà méjèèjì, wàá tún wọn wò, ohun kan náà ni ojú rẹ máa rí. Kí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí ọ̀nà kan, NFC tí Unicode là sílẹ̀ ni mo fara mọ́, kí ètò kan sì máa tún gbogbo fáìlì tò sọ́nà yẹn kí kọ́mìtì tó wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé ìdàpọ̀ tí kò ní ìforígbárí kankan lè ba iṣẹ́ jẹ́? Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù mọ èyí dájú. Ká sọ pé iṣẹ́ kan wà nínú kóòdù yín tó ń jẹ́ ṣírò_owó. Nínú ẹ̀ka rẹ̀, Ṣadé yí orúkọ rẹ̀ sí ṣírò_gbèsè, ó sì tún gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pè é ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Kúnlé kọ fáìlì tuntun nínú ẹ̀ka tirẹ̀, ó sì pe ṣírò_owó níbẹ̀, nítorí orúkọ tó mọ̀ nìyẹn. Kò sí ìlà kan tí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ kàn. Git á da ẹ̀ka wọn pọ̀ láìsọ̀rọ̀, á ní ó ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni kóòdù náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí fáìlì Kúnlé ń pe orúkọ tí kò sí.

Èyí tiẹ̀ dára, nítorí á fọ́ lójú gbogbo ayé. Èyí tó burú ni kí Ṣadé fi orúkọ sílẹ̀ bó ṣe wà, kó wá yí ìtumọ̀ èsì padà: kọ́bọ̀ ló ń dá padà báyìí, kì í ṣe náírà mọ́. Kúnlé kò mọ̀. Kóòdù dà pọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́, iye tó ń gbé jáde ló fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí irinṣẹ́ ìdàpọ̀ tó mọ ìyẹn, nítorí ìlà ni wọ́n ń tò, wọn kò mọ ohun tí ìlà náà ń sọ. Ìdánwò tí ẹ kọ sílẹ̀, tí ẹ sì tún ṣe lẹ́yìn ìdàpọ̀, ló lè mú un, tàbí ọ̀rọ̀ tí Ṣadé àti Kúnlé bá ara wọn sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Git kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé o yí orúkọ fáìlì padà? Ó ń fi àfiwé mọ̀ ọ́n ni. Bí fáìlì kan bá pòórá, tí òmíràn sì yọjú tó jọ ọ́ dé ìdajì ó kéré tán, Git á gbà pé òun náà ló yí orúkọ padà, á sì gbé àtúnṣe tí ẹlòmíràn ṣe sí orúkọ àtijọ́ lọ sí tuntun. Nítorí náà, má ṣe yí orúkọ fáìlì padà kí o sì tún gbogbo inú rẹ̀ kọ nínú kọ́mìtì kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé orírun lè ju ọ̀kan lọ? Bí Ṣadé bá da ẹ̀ka Kúnlé pọ̀ mọ́ tirẹ̀, tí Kúnlé sì da èyí tó jẹ́ ti Ṣadé tẹ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ọ̀nà wọn ti gba inú ara wọn kọjá. Tí wọ́n bá wá fẹ́ dà pọ̀ lẹ́yìn náà, kọ́mìtì méjì ló lè pe ara rẹ̀ ní orírun. Git á kọ́kọ́ da orírun méjèèjì pọ̀, á fi wọ́n ṣe orírun kan tí kò sí nínú ìtàn iṣẹ́ náà rí, èyí yẹn ló sì máa lò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà tó ń jẹ́ recursive ló ń ṣe é. Láti ẹ̀dà 2.34, tó jáde ní oṣù kọkànlá 2021, ort tí Elijah Newren kọ ló gbapò rẹ̀. Ó yára ju ti àtijọ́ lọ jìnnà, pàápàá níbi tí orúkọ fáìlì púpọ̀ bá ti yí padà.

Ṣé o mọ̀ pé kọ́mìtì kan wà nínú Linux tó ní òbí 66? Ní 2014 ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú apá ohùn nínú kernel ló da ọ̀pọ̀ ẹ̀ka jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Git gba irú ìdàpọ̀ ẹlẹ́ka púpọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè, àmọ́ bí ìforígbárí tó nílò ọwọ́ èèyàn bá wà, ó máa kọ̀ ọ́.

Òmíràn tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Ní oṣù kẹfà 2005, Torvalds da gitk, iṣẹ́ Paul Mackerras, pọ̀ mọ́ Git. Iṣẹ́ méjì tí wọn kò ní orírun kankan pa pọ̀ rí ni wọ́n. Ìtàn àwọn méjèèjì wà lódindi nínú Git títí dòní, ẹni tó bá tọ̀ ọ́ sẹ́yìn á dé ìbẹ̀rẹ̀ tó ju ọ̀kan lọ. Láti ẹ̀dà 2.9 ní 2016, Git kì í gba irú rẹ̀ mọ́ àfi bí o bá sọ ọ́ kedere pé o mọ ohun tí ò ń ṣe.

Ṣé o mọ̀ pé git stash náà ìdàpọ̀ ni? Iṣẹ́ tí o kàn fẹ́ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kọ́mìtì olóbìí méjì ni Git sọ ọ́ dà. Bí o bá ní kó mú fáìlì tuntun mọ́ ọn, òbí di mẹ́ta.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀ka tí o pa rẹ́ ṣì wà? Orúkọ rẹ̀ lo pa, kọ́mìtì rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Git ní ìwé kan tó ń jẹ́ reflog, tó ń kọ gbogbo ibi tí o ti dúró rí sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ọjọ́ 90 ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 30 fún èyí tí ẹ̀ka kankan kò mú dání mọ́. Lọ síbẹ̀, wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, fún un ní orúkọ tuntun. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Iṣẹ́ tí o kò tíì fi ṣe kọ́mìtì rárá ni reflog kò lè bá ọ wá.

Ṣé o mọ̀ pé yíyí ìdàpọ̀ padà ní ọ̀fìn nínú? Wọ́n da ẹ̀ka Ṣadé pọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, nǹkan bàjẹ́, wọ́n fi git revert yọ ọ́ kúrò. Lọ́jọ́ Ajé, Ṣadé rí àṣìṣe náà, ó fi kọ́mìtì kan tún un ṣe nínú ẹ̀ka rẹ̀, wọ́n sì tún dà á pọ̀. Kọ́mìtì kan yẹn nìkan ló wọlé. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣe ṣáájú kò sí níbẹ̀, nítorí lójú Git, wọ́n ti wọlé lọ́jọ́ Ẹtì, ìdí kò sí láti tún wọn mú wá. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yí ìyípadà yẹn gan-an padà, kí àtúnṣe tó tẹ̀ lé e. Àlàyé tí Torvalds àti Hamano ṣe lórí rẹ̀ wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà Git, kí olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kà á kó tó bọ́ sínú rẹ̀.

Àṣẹ git rebase ńkọ́? Ó dà bí ẹni pé ó ń gbé kọ́mìtì rẹ kúrò níbì kan sí ibòmíràn. Kì í gbé wọn. Ó ń kọ tuntun ni, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tuntun, ó sì ń fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti mú ti àtijọ́ lọ, iṣẹ́ kan náà á di méjì nígbà tí ẹ bá tún pàdé. Ẹ̀ka tí ìwọ nìkan ń lò, tún un kọ bó ṣe wù ọ́. Èyí tí ẹlòmíràn ti ń ṣiṣẹ́ lé lórí, má fọwọ́ kàn án.

Ṣé o mọ̀ pé o kò lè ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ owo àti òmíràn tó ń jẹ́ owo/tuntun lẹ́ẹ̀kan náà? Owo ti jẹ́ fáìlì, kò lè tún jẹ́ fódà. Lórí Windows àti Mac, Owo àti owo náà lè kọlu ara wọn. Ní ti orúkọ ẹ̀ka àkọ́kọ́ pàápàá, Git 2.28 ní 2020 ló jẹ́ kí o lè yan èyí tó wù ọ́, GitHub sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo main fún iṣẹ́ tuntun láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó gbé Git Flow kalẹ̀ ti sọ pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló yẹ? Vincent Driessen kọ ọ́ ní oṣù kìíní 2010: ẹ̀ka fún iṣẹ́ tuntun, ẹ̀ka fún ìmúrasílẹ̀, ẹ̀ka fún àtúnṣe kíákíá, ẹ̀ka méjì tí kì í kú. Àìmọye ilé iṣẹ́ gbà á bí òfin. Ní oṣù kẹta 2020, òun fúnra rẹ̀ fi àlàyé kún un pé ẹgbẹ́ tó ń gbé iṣẹ́ jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòrèkóòrè á jàǹfààní jù nínú ọ̀nà tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn.

Google kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀ka pẹ́. Rachel Potvin àti Josh Levenberg ṣàlàyé rẹ̀ ní 2016: ibì kan ṣoṣo ni wọ́n kó kóòdù tó tó bílíọ̀nù méjì ìlà sí, èèyàn tó ju 25,000 ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń rìn. Iṣẹ́ tí kò tíì jinná wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyókù, wọ́n kàn pa iná rẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé. Mi ò sọ pé kí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún ní Yaba máa ṣe bíi Google. Àmọ́ ẹ̀ka tó lo ọjọ́ méjì kí ó tó padà wálé, ìlà díẹ̀ ló máa bá ẹlòmíràn jà lé lórí. Èyí tó lo oṣù méjì, orírun rẹ̀ ti jìnnà, ẹni tó kọ ọ́ gan-an ti gbàgbé ìdí tó fi kọ ìdajì rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Git lè rántí bí o ṣe parí ìjà? Tan rerere nínú ètò rẹ. Nígbà àkọ́kọ́ tí o bá yanjú ìforígbárí kan, á kọ ojútùú rẹ sílẹ̀. Bí ìforígbárí kan náà bá tún yọjú, á lo ojútùú yẹn fúnra rẹ̀.

Kò sí ibi tí irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ti wúlò tó linux-next. Ní Linux, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni Torvalds fi ń gba iṣẹ́ tuntun wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, ìyókù ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá náà jẹ́ ti àtúnṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kéré jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tó kọlu ẹnì kejì. Nítorí náà ni Stephen Rothwell, ní Ọsirélíà, ṣe bẹ̀rẹ̀ linux-next ní 2008. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á mú ti Torvalds, á da ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀ka àwọn alábòójútó pọ̀ mọ́ ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á yanjú èyí tó bá forí gbárí, á wò ó bóyá kọ́ńpáílà ṣì lè gba gbogbo rẹ̀, á sì kọ̀wé sí àwọn tí iṣẹ́ wọn kọlu ara wọn kí wọ́n lè bá ara wọn sọ ọ́. Ìdàpọ̀ yẹn kò wọ inú Linux. Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ mìíràn bá dé, wọ́n á pa á tì, wọ́n á sì tún gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.